Ẹran Inú Ọ̀rá

Mojírọ́lá ra ẹran wálé lálẹ́ àná
láti ilé ìtajà tuntun tí wọ́n ṣí ní Kúbwà,
ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹran náà sùn sínú ọ̀rá tó ń dán bíi dígí.
Ó pupa.
Ó pupa jù.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé ẹran ní Tudun Rago,
n kò rí ẹran tó pupa báyìí rí
àfi èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nílẹ̀.

Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì,
mo ń wá òǹtẹ̀ wa aláwọ̀ àlùkò,
èyí tí mo máa ń lù mọ́ itan màlúù ní aago mẹ́rin ìdájí,
tí yíǹkì rẹ̀ á wà ní èékánná mi títí di ọjọ́ Jímọ̀.
N kò rí òǹtẹ̀.
Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rí,
ó jọ ilà ojú.
Ṣùgbọ́n ilà ojú a máa júwe ilé baba ẹni;
èyí kò júwe ilé ẹnì kankan.

Wọ́n ní wọ́n ti ta ilé ẹran wa.
Ta ló rà á?
Àwọn kan ní ará Ṣáínà, àwọn kan ní ará Bùràsíìlì.
Danazúmì alápatà ní, “Bàbá,
ilé-iṣẹ́ kan ló ni ilé-iṣẹ́ tó ni ilé-iṣẹ́ náà,”
ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Lọ́dún tí ẹran Bàwá da inú àwọn ọmọ ilé-ìwé rú,
kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.
Ìyá arúgbó ló tú owó létí ìró,
ló ń bẹ̀ wá, ló ń ṣépè fún ọmọ rẹ̀.
Ilẹ̀kùn ta ni ká lọ kàn lónìí?
Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn ọ̀rá. Mo pè é.
Wọ́n fi dùùrù sí mi létí fún ìgbà pípẹ́,
obìnrin kan wá ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì.
Kò sọ èwo ni kí n tẹ̀ fún inú rírun.

Ẹ jẹ́ n má purọ́ ṣá.
Àìsùn Iléyá ọdún kan,
màlúù méjìlélọ́gọ́ta, wolé-wolé kan, iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ.
Mo fi ọ̀bẹ la fùkù ọ̀kan nínú wọn,
kókó funfun kún inú rẹ̀ bíi wàrà tó dì.
Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo mọ ilé rẹ̀,
mo mọ orúkọ ẹṣin rẹ̀ pàápàá.
Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá.
Mo lu òǹtẹ̀.

Ta ló jẹ ẹ́? Ilé wo ni wọ́n ti sè é?
Títí dòní, bí ènìyàn bá wúkọ́ nínú ọkọ̀ Màràbá,
ojú mi á lọ sílẹ̀.

“Bàbá, omi ti hó o.”
Mo ya ọ̀rá náà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹran.
Mo ń wá fùkù, mo ń wá ẹ̀dọ̀, ibi tí àrùn máa ń kọ̀wé sí.
Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò.
Ẹran tí kò ní fùkù, ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí.
Mo gbé e sún mọ́ imú:
kò rùn, kò ta sánsán, kò sọ nǹkan kan.

“Bàbá, ebi ń pa Jọláadé.”

Mo ní kó fi kún iná.
Mo ní kó jẹ́ kó pẹ́ lórí iná dáadáa.