Ìwé Ò Nímú

Kí oòrùn tó yọ sí Kámpọ̀sì ni mo ti débẹ̀,
fáìlì lábíyá, bírò méjì nínú irun,
báàjì ìjọba ìbílẹ̀ ń rọ̀ dirodiro láyà mi.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n yọ̀ǹda pápá fún ayẹyẹ Àjíǹde:
ogójì àtíbàbà, ogójì iná,
ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọkọ̀ panápaná.
Ẹni tó bá gbé bẹ́ǹṣì dí i, èmi ló máa bá níbẹ̀.

“Wolé-wolé ti dé o!”
Ọmọ kan ló ké e lẹ́yìn ọgbà. Mo rẹ́rìn-ín,
torí ohùn tèmi náà nìyẹn, ní Òkè Pópó láyé ijọ́un,
tí màmá mi á fi gbé agbada ọ̀jọ̀jọ̀ sábẹ́ ibùsùn,
tòun ti epo gbígbóná. Abẹ́ ibùsùn!
Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi dòní.
Èèyàn á rò pé màmá mi kórìíra òfin.
Owó ìwé ni kò ní.

Mo bẹ̀rẹ̀. Gáàsì rẹ dà? Tì í sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí iná.
Rọ́bà yìí ti sán, aṣọ kọ́ la fi ń dì í.
Garawa yanrìn dà? Kì í ṣe èyí tí o dojú rẹ̀ dé, tí o jókòó lé.
Omi tó ń ṣàn ni mo wí,
kì í ṣe abọ́ kan tí ogún ọwọ́ ti wọ̀.
Ìwọ tó ń wúkọ́, máa lọ sílé, o ò jẹ̀bi.
Ẹran tútù lọ́tọ̀, ẹran jíjinná lọ́tọ̀:
wọn kì í ṣe ìbejì.

Àtíbàbà kọkànlá, Màmá Filomẹ́nà Gọ́mẹ́sì.
Ìwé àyẹ̀wò ara, ìwé panápaná, ìwé ààyè,
ó fi ọ̀rá bò wọ́n, ó gbé wọn kọ́ bí fọ́tò ìgbéyàwó.
Ó ní, “Kà á tán, ọmọ mi, kí o tó ṣí nǹkan.”
Mo kà á tán.
Mo ṣí ìkòkò fùréjọ̀n.

Ẹ̀wà lílọ̀ kúnná, omi àgbọn, ó ń dán bí àrán,
àṣẹ́kù Ẹtì Rere. Iná ti kú lábẹ́ rẹ̀ láti òru.
Ìfófòó kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó bẹ́,
òórùn rẹ̀ sì sọ tẹnu rẹ̀.
Mo wo ìwé. Mo wo ìkòkò.
Ìwé ò nímú.

“Màmá, ó ti kan.”
Kò fèsì. Ó já ìwé kan sílẹ̀, ó nà án sí mi,
bí ẹni pé n kò kà á dáadáa.
Àwa méjèèjì la jọ dà á sínú ọ̀rá dúdú.
Kò wojú mi.

Lẹ́nu géètì, Mútálíbù ń dín mọ́sà.
Yanrìn rẹ̀ wà, omi rẹ̀ ń ṣàn, epo rẹ̀ mọ́,
èékánná rẹ̀ kúrú bíi ti nọ́ọ̀sì.
Ìwé ńkọ́? Ó nawọ́ sí agolo panápaná pupa kan:
“Owó ìwé ni mo fi ra ìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

Kò síwèé, kò síná. Mo ní kó pa á.
Ó ti ẹnu gáàsì kó tó ti sítóòfù,
bí òfin ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àfi bí Màmá Gọ́mẹ́sì ṣe pòṣé láti ọ̀ọ́kán:
“Ìwọ ọmọ yìí, gbé agbada rẹ wá.
Ìwé pọ̀ níbí, kò sóúnjẹ.”

Òfin ní a kì í fi ìwé yáni.
Mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá bírò,
mo tú àpò, mo tú fáìlì, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì.
Méjèèjì ṣì wà nínú irun mi
nígbà tí ilẹ̀ ṣú.