Òkú Kẹta Lápá Òsì

Wọ́n ní kí n kú. Mo ní, "Níbo?"
Ọmọbìnrin tó gbá ìwé mọ́ àyà nawọ́ sí iyanrìn:
"Ẹ̀yin ni òkú kẹta lápá òsì, bàbá.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí tí wọ́n bá ti pariwo."

Bí mo ṣe di òkú nìyẹn ní Òkò Bàbá,
létí ọ̀sà, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta,
èmi Mùfútáù tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣí géètì fún rélùwéè
tí ọkọ̀ ojú irin kankan ò rí mi pa.

Sikírátù aláṣọ fi ẹ̀jẹ̀ kùn mí láyà.
Sóbò ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, wọ́n bu Mílò sí i kó lè dúdú,
wọ́n fi ògì mú un ki.
Ó ní kí n bọ́ aago. Mo bọ́ ọ.
Àmì rẹ̀ hàn lọ́rùn ọwọ́ mi bí irọ́ tó tú.
Ó fi eérú pa á rẹ́:
"Jagunjagun ayé ìgbà náà kì í wo aago kó tó kú."

Ogun Àgìdìngbì la wá jà.
Ọkọ̀ ogun òyìnbó ò tíì sí;
inú kọ̀ǹpútà ni wọn ó ti kàn án tó bá yá.
Nítorí náà là ń sá fún afẹ́fẹ́ lásán,
tí à ń ṣubú fún ọta tẹ́nìkan ò yìn.
Èéfín nìkan ni ò parọ́:
ti sọ́míìlì ni, lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jó láti àná,
ó bá wa jagun, kò gba kọ́bọ̀.

"Ẹ má jẹ́ ká rí bíríìjì!"
Arinọlá, olùdarí wa, ló ń kígbe, ohùn ti há.
Bíríìjì ò kúkú gbéra,
ó na ara rẹ̀ gbalaja sójú omi
bí ẹni tó mọ̀ pé a ṣì máa bí òun.

Ó wá ku ká kú. A kú.
Ọkọ̀ òfuurufú kọjá. Wọ́n ní ká jí, ká tún un kú.
Jẹnẹrétọ̀ dákú. A jí.
Irùngbọ̀n Ṣànyàolú, ọba wa, já sómi,
apẹja kan bá wa yọ ọ́, ó ní ẹran wo lèyí?
Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹjọ,
èèrà ti ń gun ojúgun mi.
Òkú kì í họra. Mo rọ́jú.
Òkú kejì, ọmọ Yábàá Tẹ́ẹ̀kì, ń hanrun.

Ìgbà náà ni Fẹ̀hìntọlá dé,
ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín wa.
Òkú kẹfà lọmọ rẹ̀ nínú ìwé eré.
Èmi ló dúró tì. Ó gbé orí mi lé itan,
ó pe orúkọ kan tí kò sí nínú ìwé.
Ó tún un pè.
Ẹnìkan ò sọ pé ó tó.
Nǹkan kán sí mi níwájú orí, ó gbóná,
kì í ṣe sóbò.
Mo rántí ìyá ìyá mi, tó ní inú oyún
ni ìyá-ńlá òun ti gbọ́ ìró náà,
àgìdìngbì, àgìdìngbì,
nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń sá lọ.
Ni omi bá yọ lójú mi.
"Ó tó! Ó tó! Òkú kan ń sunkún!"

Wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ìrẹsì nínú ike.
Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n wọlé.
"A kì í fi ikú ṣeré," ló wí,
ó da omi sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n fẹ̀yìn wọlé.

Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ múra
lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde ní Súúrùlérè.
A wò, a wò. Ojú mi ò sí níbẹ̀.
Wọ́n ti gé òkú tó ń sunkún dànù.
Àfi gìgísẹ̀ kan tó sán, nínú èéfín, lápá òsì.
"Ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn!" Gbogbo èèyàn wẹ̀yìn wò wá.
Kí n tó dá a lóhùn, ó ti kọjá.
Mi ò tíì sọ fún ẹnìkan ohun tí mo rí lẹ́yìn àtàǹpàkò yẹn,
tín-ín-rín, bí òwú:
bíríìjì.