Àlejò Pàtàkì Ti Dé Ọ̀ṣú

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
bí Nẹ́pà bá gbà fún wa,
tẹlifíṣàn Bàbá Ọlátẹ́jú ní Òkèsà
á kọ́kọ́ dà bí iyanrìn tó ń hó.
A ó gbá a létí, ara rẹ̀ á wálẹ̀,
Ọ̀gbẹ́ni Àjílóre á sì yọ
nínú kóòtù ẹni tó sanra jù ú lọ,
òdòdó oníke tó tó ọmọrí ìkòkò láyà rẹ̀.
"Ẹ̀yin èèyàn wa pàtàkì, ẹ káàbọ̀ sí Alẹ́ Ayọ̀!"
Àtẹ́wọ́ á dún kó tó sọ̀rọ̀ tán.
Á tún dún nígbà tó bá ń wúkọ́.

Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ti wo ojúlówó irú ètò bẹ́ẹ̀ nígbà èwe wọn,
olórin kan, onídán kan, kóòtù dídán,
wọn ò mọ ohun tó dé tí eléyìí ń fi ohun rere ṣẹ̀sín.
Ìyá mi ní, "Ṣé ọ̀gá wọn ò rí i pé onídán yẹn ò mọ idán ni?"
Àwa ọmọ méje orí ẹní la mọ̀
pé àìmọ̀ yẹn gan-an ni idán.

Púrófẹ́sọ̀ Pọ́ńgà á ṣáná, kò ní tàn.
Á ṣá òmíràn. Á ṣá odindi páálí kan tán,
a kà á: igi mọ́kàndínlógójì.
Ìgbà náà ni yóò wá wò wá, jẹ́jẹ́:
"Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná."
Á wọ ẹ̀yìn aṣọ títa lọ mú ẹyin iná wá láti ilé,
ètò á sì dúró dè é.
Aṣọ títa nìkan la ó máa wò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹ̀gà Mẹ́ta lorúkọ àwọn akọrin. Méjì ni wọ́n.
Bó bá kan ohùn ẹnì kẹta, wọ́n á dákẹ́,
wọ́n á wo àga tó ṣófo,
wọ́n á mi orí sí i bí ẹni pé ó kọ ọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì ni mo fẹ́ sọ.
Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn.
Fóònù orí tábìlì á dún
(kò ní okùn, gbogbo wa rí i pé kò ní okùn),
Àjílóre á gbé e, á tẹ́tí, á tún kóòtù ṣe:
"Ó ti dé Ẹ̀gbẹ́dá."
Lọ́sẹ̀ kejì, Ìkirè. Ó dúró ra dòdò.
Gbọ̀ngán gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò mọ ìdí.
Ó wọ Ifẹ̀ nígbà òjò, ó ní ẹbí kan tó fẹ́ kí.
Lálẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlá: "Ó ti dé Ọ̀ṣú."
A pariwo débi pé Bàbá Ọlátẹ́jú jí.
Ọ̀ṣú! Ó kù fẹ́ẹ́rẹ́!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwàásù ni wọ́n gbé síbẹ̀.
Wọ́n ní kò sówó. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wò ó.
Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbà sórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, a lọ sin ín n'Ímọ̀.
Sámúẹ́lì Aríbisálà ni wọ́n kọ sórí ìwé,
akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.
Kò sí Alẹ́ Ayọ̀ níbì kankan nínú rẹ̀.
Àlùfáà pẹ́. Oòrùn mú.
Àwọn ọmọ olóògbé ń wo aago, wọ́n ń wo ọ̀nà.
Ọkùnrin kan lẹ́yìn, tí n kò mọ̀ rí,
sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀:
"Ó ti dé Ọ̀ṣú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi níbi òkú.
Ó bọ́ lẹ́nu obìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò,
ó bọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀,
àwa mẹ́fà tàbí méje, àgbàlagbà, à ń fi áńkáṣì bojú,
àwọn yòókù ń wò wá bí ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ nílé.

Opó rẹ̀ gbójú sókè.
Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.
Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó dákẹ́ díẹ̀,
ó sì mi orí sí i.