Ẹnu Pẹ́ńsù

Wọ́n fún mi ní okùn ìwọnlẹ̀, ìwé, àti pẹ́ńsù kan,
wọ́n ní kí n gba àfonífojì Bartang lọ
lọ ka ilẹ̀ tí ń bọ́ ènìyàn.
Ní ọ́fíìsì wa ní Dushanbe, ìṣirò ti wà lára ògiri:
ká pín Tajikistan sí ọgọ́rùn-ún,
mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, òkè ni.
Méje tó kù,
inú rẹ̀ ni ilé wà, inú rẹ̀ ni títì gbà,
ọjà, ilé-ìwé, itẹ́ òkú,
pápá tí àwọn sójà ti ń yan,
kí oko tó wá bèèrè ibi tí òun yóò jókòó sí.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú jíìpù. Ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀.
Òkè ń wò mí bí àgbà tó gbọ́ irọ́ tí kò fẹ́ fọhùn.
Odò ń hó nísàlẹ̀, àwọ̀ eérú.

Bibisurat ti dúró dè mí lẹ́nu ààlà rẹ̀,
ìborí pupa, ọwọ́ tó lọ́ bí gbòǹgbò.
"Ìwọ ni ìjọba rán wá wọn oko mi?
Kò ní pẹ́ ọ."

Kò pẹ́ mi lóòótọ́.
Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún lóòró, mẹ́sàn-án níbùú,
igi ápíríkọ́tì kan ní igun,
àlìkámà tí kò ga ju orúnkún lọ,
àti òkúta, òkúta, òkúta tí wọ́n tò yí i ká.
"Òkò la kọ́kọ́ kó," ó ní, "kó tó di oko.
Ọkọ mi kó o títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.
Ọmọ ogún ọdún ni mí, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé,
nígbà tí ẹrẹ̀ ya lulẹ̀ láti orí òkè.
Òru kan ṣoṣo, ó gbé oko lọ fún odò.
Láàárọ̀ a bá àpáta, ó mọ́ bí àwo tí ajá lá.
Ọkọ mi gbé agbọ̀n, èmi náà gbé agbọ̀n,
a sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ odò kó dá tiwa padà.
Agbọ̀n kan láàárọ̀, agbọ̀n kan nírọ̀lẹ́,
ọdún mẹ́rin.
Kurbonsho, àkọ́bí mi, orí erùpẹ̀ ló ti ń sùn
lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.
Ó wà ní Rọ́ṣíà báyìí, ó ń po sìmẹ́ńtì.
Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ojú ò tó òpin rẹ̀,
àwọn kan ò tiẹ̀ gbin nǹkan kan sí i.
Mo ní kó yé purọ́ lórí fóònù, owó ń lọ."

Mo tẹ́ máàpù sórí òkúta.
Mo wá àfonífojì, mo rí i.
Mo wá abúlé, mo rí àmì kan bí ìgbẹ́ eṣinṣin.
Mo ní kí n fa oko rẹ̀ sí i:
ẹnu pẹ́ńsù mi fẹ̀ ju oko lọ.
Mo fọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, mo tún un gbẹ́,
ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, síbẹ̀
ibi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí, yóò gba oko, gba ilé, gba ìdajì odò.
"Kí lo rí?"
"Ìyá, ẹ ò wọnú méje."
"Inú kí wá ni mo wà? Inú òkè?
Ṣé òkè ló wá ń jẹ búrẹ́dì ni?"
Ó bu búrẹ́dì náà síwájú mi, pẹ̀lú tíì oníwàrà oníyọ̀.
Mo ń jẹ, mo ń ṣírò lábẹ́ ahọ́n:
ìṣísẹ̀ mélòó rèé tí mo ti gbé mì?

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di apá mi mú.
"Bọ́ bàtà rẹ."
Mo rò pé ó fẹ́ fún mi ní òmíràn ni.
Ó gbà á, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sórí poro oko,
ọ̀tún, kó tó kan òsì.
Ó fi àtàǹpàkò họ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀,
ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò.
"Ó yá, ọmọ Dushanbe. Ó dàbọ̀."

Mo wọ bàtà mi.
Ó fúyẹ́ ju bí mo ti wọ̀ ọ́ dé lọ.