Ìka Mẹ́ta

Ìka mẹ́ta péré ni àyè tó wà
láàrin irin orí bọ́ọ̀sì àti àjà rẹ̀.
Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọ̀n ọ́n. Sùlú tún un wọ̀n.
Ìka mẹ́ta náà ni.

Ibẹ̀ ni òtútù máa gbà dé ìjókòó ẹ̀yìn
tí Ìyá Mọ́mọ̀ ń jókòó sí láti Òmù-Àrán
lóṣooṣù, tó bá ń bọ̀ wá rí dókítà n'Ílọrin.
Dẹ́rẹ́bà wọ ṣúẹ́tà níwájú;
lẹ́yìn, káàdì ọsibítù ni ìyá fi ń fẹ́ra.

Paálí míìkì ni mo kọ́kọ́ gé,
mo ká igun rẹ̀ ṣánṣán. A tan ẹ́ńjìnnì.
Atẹ́gùn forí sọ ògiri, ó ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù,
ó pẹ̀yìn dà sọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà.

Ẹ̀yìn òjò ló yé mi, ní Gáà-Àkànbí:
omi gọ́tà kì í yà bí ṣójà tó ń yan,
ó ń rọra tẹ̀ ni,
ibi tó fún ló ti ń sáré.

Mo wá tẹ igun náà bí ìgbọ̀nwọ́ ìkókó,
mo mú ìdí rẹ̀ fẹ̀, mo mú un tín-ín-rín lọ sẹ́yìn.
"Ọ̀gá, ihò iwájú yìí mà kéré."
Jẹ́ ó kéré. Ẹni tó jókòó ti ìkòkò
kì í fi igbá ńlá bu ọbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ìyá sọ̀. Kò kí mi kú iṣẹ́.
Ta ló ń da yìnyín sí òun léjìká láti Àjàṣẹ́?
Káàdì rẹ̀ wà nínú báàgì, kò tilẹ̀ ká.

Sùlú ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti wà nínú bọ́ọ̀sì mìíràn,
mo ń wọn àjà:
ìka méjì àbọ̀.