Ọṣẹ Ṣówándé

Ìkòkò kejì fọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àlàmísì.
Ṣówándé ò sọ̀rọ̀. Ó ṣa àpáàdì,
ó tò wọ́n sídìí ògiri bí ẹni tó ń to àwo àlejò,
ó tún bu eérú èèpo kòkó sínú ajere.

Àwọn ará Ìtòkú ń yọjú lójú fèrèsé:
"Ọmọ tó jáde pólì, tó gbàwé ẹ̀rí,
eérú ló wá ń sẹ́ bí ìyá arúgbó!"
Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.
Èmi ni mò ń bá a fẹ́ná, mo mọ ohun tó ń lé e.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá wa lọ gbowó ní báńkì kan n'Íbarà.
Ẹ̀rọ tó ń ka ìka wo àtàǹpàkò rẹ̀,
ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.
Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ kọ̀.
Ọmọdébìnrin tó jókòó síbẹ̀ mú bébà,
ó nu ojú ẹ̀rọ, ó tún un nù,
ó ní, "Màmá, ẹ lọ fọwọ́ yín wá."
Ìyá wa ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn.
Títí a fi délé, kò yọ ọ́.

Ẹfúnyẹmí lorúkọ ẹ̀; aró ló yẹ ọwọ́ ẹ̀.
Ogójì ọdún ó lé nídìí ìkòkò:
aró ti wọ èékánná, ó ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́,
ó ti jókòó bí onílé.
A fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, ó ta ìyá lára, kò lọ.
A fi ọṣẹ oníyẹ̀fun ra á: awọ bó, aró ò bó.
A fi kẹrosíìnì;
ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọbẹ̀ wa fi ń rùn bí àtùpà.

Kò síwèé tí Ṣówándé ò ṣí.
Ìyá wa ló wá sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò,
níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì:
"Ṣebí omi eérú la fi ń mú aró wọṣọ.
Ẹni tó mú àlejò wọlé, ṣé kò mọ ẹnu ọ̀nà ni?"

Ṣówándé dìde nídìí oúnjẹ.
Omi eérú. Omi ògì tó ti kan fọ́jọ́ márùn-ún.
Àdín láti Láfẹ́ńwá, àti nǹkan kan
tó dì sínú ọ̀rá dúdú, tí kò fi han èmi pàápàá.
Ìkòkò kẹta jò. Ìkẹrin hó, ó bó o lẹ́sẹ̀.
Ìkarùn-ún dì.

Wọn ò muná wá lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo fi fóònù tanná sí abọ́.
Ṣówándé ń bá a ra ọwọ́ ọ̀tún, ó ń rọra ra á;
omi kọ́kọ́ pọ́n bí ìtọ̀ ọmọdé,
ó ṣe bí ewé,
ó tó di aró.
Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, ọwọ́ ẹlòmíì ni.
Àpá kan wà nídìí àtàǹpàkò tí a ò rí rí.
"Bàbá mi ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹṣu," ló wí.
"Mo ti gbàgbé pé mo ní i."

Ṣówándé nawọ́ sí òsì.
Ó gbé e sẹ́yìn.
"Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.
Mo gbọ́. Ìka kan ṣoṣo ni báńkì bèèrè.
Bí ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ bá dé,
èwo ni n ó fi hàn án?"

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.
Wọ́n ń wá báyìí láti Kẹ́mta, láti Àdátán,
tàwọn ti ike òfìfo lọ́wọ́.
Mẹkáníìkì kan bínú dá tirẹ̀ padà láàárọ̀ yìí:
kò ran gírísì.
Ṣówándé wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó wò ó pẹ́,
ó ní kí n lọ ra ìkòkò kẹfà wá.