Ilẹ̀ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbá

Ní ṣọ́ọ̀bù Àjàgbé, lẹ́yìn gáréèjì Tákíé,
ogún náírà la fi ń wo fíìmù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
bẹ́ǹṣì níwájú, kéréètì mínírà lẹ́yìn,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ níta bí bàbá arúgbó.
Mo mú Àwẹ̀ró lọ nítorí pé ìyá wa ní kí n mú un,
mo sì ní kó jókòó lẹ́bàá ògiri,
kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí ọwọ́ rẹ̀
tí ń fò sókè sódò bí ẹyẹ ẹ̀gà.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ àgbàlá.
Ìgbálẹ̀ ń ké ṣàà, ṣàà.
A dúró kó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀.
Ó gbá dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn:
ipa ẹsẹ̀ ọmọdé wà lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá,
ẹsẹ̀ tútù. Ó wọlé.
Kò sí èyí tó jáde.

Làmídì pariwo pé ohùn ti bàjẹ́.
Àjàgbé dìde, ó gbá tẹlifíṣọ̀n létí lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹnìkan ní kí wọ́n dá ogún náírà òun padà.
Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ adìyẹ nínú fíìmù náà,
a ń gbọ́ omi tó ń kán sínú ìkòkò,
a gbọ́ ilẹ̀kùn.
Ohùn kò bàjẹ́. Ènìyàn ni kò sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá.
Àwa tí a létí, ó ti mọ́ wa lára
kí orin kìlọ̀ fún wa: ó ń bọ̀ o, ẹ dijú.
Lálẹ́ yìí kò sí olùkìlọ̀.
Ó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì: ẹsẹ̀ ọmọ méjì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, n kò lè kà á mọ́.
Wọ́n ní ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà.
Ilé yìí tòrò
bíi pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ti dàgbà tán sábẹ́ ilẹ̀.

Àwẹ̀ró fà mí láṣọ.
Ó nàka sí ẹsẹ̀ obìnrin náà,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan nu ìkejì: kò sí, kò sí.
Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ n wòran.
Ó pẹ́ kí àwa elétí tó rí i
pé obìnrin náà ń rìn lórí iyẹ̀pẹ̀, kò fi ipa sílẹ̀.
Òun gan-an ni òkú.
Àwọn ọmọ ló wà láàyè, wọ́n ń wọlé wá ìyá wọn,
òun sì ń gbá wọn nù.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀.
Àwẹ̀ró nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́.
Ojú lọ̀rọ̀ wà; etí la fi ń wá a.

Ìgbà yẹn ni epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Òkùnkùn dé bí ìdérí ìkòkò.
Làmídì, ọmọ Alùfáà, ń pe Jésù,
àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wá bàtà,
gbogbo wa ń fi ẹnu di ara wa mú.
Mo wá rántí rẹ̀.
Nínú òkùnkùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀,
ó ń pè mí, ó ń pè mí,
kò sì sí ojú tó lè gbọ́.

Mo táràrà lára ògiri títí mo fi kàn án.
Ìka rẹ̀ tutù. Ó di àtẹ́lẹwọ́ mi mú,
ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, n kò mọ ohun tó ń wí.
Ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ́ nínú èdè rẹ̀:
wá, jẹun, dákẹ́.

Mo yá tọ́ọ̀ṣì Àjàgbé. Bí a ti ń relé gba Òkè Àdó,
lábẹ́ àwọn igi máńgòrò,
n kò tàn án sójú ọ̀nà, ọwọ́ mi ni mo tàn án sí.
Mo gbọ̀n bí ẹni òtútù mú, mo fi ojú béèrè.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú àwọn ìka mi,
ó tò wọ́n bó ṣe yẹ.
Ọ̀rọ̀ kẹrin nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo tan iná sẹ́yìn wa, sórí iyẹ̀pẹ̀.
Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Tèmi náà wà.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.